Epo Pupa Nínú Ẹ́ńjìnnì Ìgè

Ọkọ̀ èrò Ìgè tún kú sójú ọ̀nà Imusin.

Kàmọ́rù mẹ́káníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan tẹ́ńsánà, ó sì gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀.

"Irin yìí ló ń mú kí táímìn bẹ́ẹ̀tì le. Ta ló ń da epo pupa sí i? Bẹ́ẹ̀tì ń yọ̀. Bó bá fo eyín kan, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn."

Ọdún 1984 nìyí, ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọ́n bí ojú.

Ó dá Ìgè lójú pé Ìbítáyọ̀ ni, awakọ̀ tí wọ́n jọ ń du èrò ní gáréèjì.

Wọ́n pààrọ̀ tẹ́ńsánà àti bẹ́ẹ̀tì. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Ìgè lúgọ sẹ́yìn ògiri ilé rẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀.

Ẹnì kan yọ́ wá, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń da epo sórí irin tuntun tó ń dán.

"Ògún, mo fepo tù ọ́. Má mu ẹ̀jẹ̀ Ìgè ọmọ mi."

Ìgè rọra gbé kùmọ̀ sílẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó so ògbólógbòó tẹ́ńsánà mọ́ iwájú ọkọ̀, ó sì pe ìyá rẹ̀.

"Màámi, Ògún ti kó kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Ibí ló ń gbé báyìí."