Kànga Tí Wọ́n Gbẹ́ fún Afẹ́fẹ́

Nígbà tí Ẹnjinníà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó ní kí wọ́n bá òun gé ṣòkòtò kúrú ni. Kí aránṣọ tó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti dé orí iléeṣẹ́ kékeré tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dá sílẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ wá gáàsì ìdáná àti hílíọ́mù, afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú bàlúùnù ọmọdé, tó máa ń sọ ohùn ẹni tó bá fà á símú di bíi ti ẹyẹ, tí àwọn ẹ̀rọ ńlá ọsibítù náà ń lò. Ó ń wá ẹni tí yóò ra ìpín nínú iléeṣẹ́ náà.

Aránṣọ rà á. Owó tó fẹ́ fi pààrọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló kó lé e. Àwọn aládùúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí gbogbo ayé ń mí lọ́fẹ̀ẹ́ ló lọ fowó rà. Nígbà tó yá, àwọn náà rà.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nìkan ni kò bá wọn rà. Ọlọ́pàá inú tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n ń pè é. Òun ló rán àwọn ọmọ aránṣọ níléèwé lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, nítorí náà, bó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń gbọ́.

"Àǹtí, ìfura loògùn àgbà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín tọpinpin ọkùnrin yìí."

Ó lọ wo ọ́fíìsì wọn. Ó ní yàrá kan ṣoṣo ni, lókè ilé ìtajà oògùn, àti pé bí fóònù bá dún, ìta ni Ẹnjinníà ti máa ń lọ gbé e. Láti ìgbà náà ni aránṣọ ti ń fi ojú mìíràn wo ọkùnrin náà. Nígbà tó wá gba ṣòkòtò rẹ̀, aránṣọ bi í léèrè ìgbà tí gáàsì yóò jáde. Ẹnjinníà kò wojú rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ kì í ṣe ìkòkò tí èèyàn ń ṣí wò. Aránṣọ wo bàtà rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ta ni í gbẹ́lẹ̀ tí bàtà rẹ̀ kì í dọ̀tí?

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rìnrìn àjò lọ síbi kànga. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù láti ibẹ̀ pé òun ti dé. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti òròmọdìyẹ, àwọn kan sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Aránṣọ béèrè ohun tó ṣe é. Ó ní eruku ni.

Nígbà tó padà dé, ó jókòó tì í.

"Omi iyọ̀ ni, Àǹtí. Omi iyọ̀ nìkan ló ń jáde níbẹ̀."

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bá Ẹnjinníà sọ nǹkan kan, torí olè tó bá mọ̀ pé wọ́n ti rí òun yóò na pápá bora. Ó ní òun yóò bá a wá ẹni tí yóò ra ìpín náà, iye yòówù kí ẹni náà san, kó gbà á. Nígbà tí àwọn aládùúgbò gbọ́, àwọn náà kó tiwọn wá bá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kó bá wọn tà á.

"Ṣé a ò ní fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ báyìí?" ni aránṣọ béèrè.

"Ẹni tó bá rà á, ojú rẹ̀ ló fi rà á."

Owó táṣẹ́rẹ́ ni ó rí gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, bí Ẹnjinníà bá kí i lójú títì, kì í dáhùn.

Rédíò ló gbé e jáde pé kànga ti tú gáàsì, pé hílíọ́mù inú rẹ̀ pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ. Aránṣọ fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó gbà pé àbúrò òun ti ṣìnà, àánú rẹ̀ sì ṣe é, torí ó mọ bí yóò ti dùn ún tó. Kò tilẹ̀ sọ fún un kó tó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ẹnjinníà.

Ọ́fíìsì náà ti di yàrá méjì. Ẹnjinníà fún un ní àga, kò sì bá a jà. Ó ní kò sí ìpín lọ́wọ́ òun mọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló ti ra gbogbo èyí tí àdúgbò tà, ẹni náà ló sì ni iléeṣẹ́ báyìí. Ó ní kí aránṣọ wá bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, bóyá yóò dá díẹ̀ padà fún un.

Ó kan ilẹ̀kùn yàrá kejì, ó ṣí i, aránṣọ wọlé, àbúrò rẹ̀ sì gbójú sókè láti orí àga ọ̀gá.