Òdòdó Inú Jọ́ọ̀gì

Màmá Matilda ń sá ata lẹ́yìnkùlé nígbà tí Adébóyè gbé àwòrán náà dé. Ó fọwọ́ kó ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí sìmẹ́ńtì kí àlejò lè ríbi jókòó. Adébóyè ṣí fìlà, ó sì dúró.

"Àna mi, ṣé ata ni ò ń sá fún?"

"Rárá o, mà."

"Gbogbo yín lẹ kúkú ń sá fún un."

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Ìjagun ni Adébóyè ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwòrán yíyà. Òun ni ìbá fẹ́ Mosúnmọ́lá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Màmá bí. Ọdún 1984 ni, ọdún tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba padà. Ibà ló pa ọmọ náà kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé.

Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Onígbàgbọ́ ni wọ́n nínú ilé yẹn, ṣùgbọ́n wọn ò fi ìyẹn ṣeré. Kí ẹbí tó gbẹ́lẹ̀ ni Ernest, àkọ́bí Màmá, ti fi mọ́tò gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Susannah, àbúrò Màmá, ní Ibefun, ibẹ̀ ló sì wà títí òṣù fi lé. Nígbà tó padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó bá ilé ní títún ṣe. Ernest ti kun pálọ̀, ó ti pààrọ̀ páànù tó ń jò, ó ti da sìmẹ́ńtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìbẹ́pẹ.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń ráhùn pé ẹ ò ríbi sá ata," ni Ernest wí.

Adìẹ kan ti gun sìmẹ́ńtì náà kó tó gbẹ. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ oníka mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀, ó rìn dé àárín, ó yí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Màmá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, adìẹ ti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà.

Kò sunkún. Ó ń gbálẹ̀, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bọ̀. Ó ti ju awò ojú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Kí ló tún fẹ́ rí? Ọ̀rọ̀ kan ló ń bá Ernest sọ.

"Ibo lẹ gbé ọmọ mi sí?"

"Ó jìnnà, Màmá."

"Ìmùṣin ni, àbí? Lórí ilẹ̀ bàbá yín?"

"Màmá, ẹ má jẹ́ n dá ohun tí ẹnì kan ò dá rí."

"Ṣé mo ní n óò hú u ni? Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí n óò kọjú sí tí n bá ń kí i."

Ernest yóò dìde, yóò sì lọ. Kò tilẹ̀ dúró jẹun mọ́. Ẹni tó máa ń lá abọ́ ìkọ́kọrẹ́ ìyá rẹ̀, ó ní inú ń run òun. Bísí ìyàwó rẹ̀ ń lọ ra ata ní Òkè-Àjẹ.

"Bísí, ata ọjà ló wá mọ́ ju tèmi lọ?"

"Ẹ máà bínú, mà. Kò tó bẹ́ẹ̀." Bísí gbé abọ́ aṣọ fífọ̀ rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn igi ìbẹ́pẹ yípo lọ sídìí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

Lọ́jọ́ tí Adébóyè wá yìí, Màmá wo àwòrán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo bẹ̀ ọ́ kí o júwe ibì kan fún mi, o wá gbé òdòdó wá. Ta ló ń jẹ òdòdó?"

"Wọ́n mú mi búra lórí Bíbélì pé n kò ní sọ, Màmá."

"Wàá sì pa ẹnu mọ́?"

"Ẹnu ni mo fi búra, mà." Ó gbé àwòrán náà lé e lọ́wọ́. "Ẹ ṣáà máa wò ó dáadáa. Ẹ má wo òdòdó nìkan."

Ní ìrọ̀lẹ́, Ernest gba àwòrán náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. "Òdòdó lásán ni," ó ní, ó sì gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Ibẹ̀ ló wà. Lójú Màmá, pupa ni, yẹ́lò ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, ó mú awò ojú jáde, ó nu eruku ara rẹ̀, ó gbé e wọ̀. Inú jọ́ọ̀gì funfun ni òdòdó náà wà. Etí jọ́ọ̀gì náà bó níbi kan. Ó mọ̀ ọ́n. Mosúnmọ́lá ló là á mọ́lẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, tó sì ní ológbò ni.

"O ṣeun, àna mi," ni Màmá sọ fún ògiri. Ó ti fẹ́ bọ́ awò ojú.

Ó wá rí ewé òdòdó kan tó ti já bọ́ sórí tábìlì nínú àwòrán náà. Eérú ni àwọ̀ tábìlì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé náà, ó rí ìlà mẹ́ta tó ta síwájú. Ó rí òmíràn, àti òmíràn. Ó fi ìka tọ̀ wọ́n. Wọ́n rìn dé àárín, wọ́n yí padà.

Ó dìde. Ó mú agbọ̀n, ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ata ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, kò tíì gbẹ o," ni Bísí ké láti ilé ìdáná.

"Òjò ń bọ̀."

Bísí gbójú sókè. Oòrùn ń ta gan-an.

Nígbà tí Màmá ṣa ata náà tán, ó bu omi tútù, ó kúnlẹ̀, ó sì fọwọ́ wẹ sìmẹ́ńtì náà jẹ́jẹ́, láti ibi orí Mosúnmọ́lá títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀.