Abẹ Tó Dán Lóde

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ohun tí ojú ń rí nìkan ló kà sí nǹkan. Ohunkóhun tó bá ti fara sin, kò kàn án. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Baba Dídán, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Kò mọ̀ pé ìwà tó ń fi yangàn yẹn ni yóò dójú tì í.

Abẹ ìfárùngbọ̀n àtijọ́ ló ń tà, èyí onírin tó wúwo lọ́wọ́, tó jẹ́ pé tí a bá yí ìdí èèkù rẹ̀, orí rẹ̀ á là sí méjì bí ìyẹ́ labalábá ká lè ki bíléèdì sí i. Bí àgbàlagbà kan bá kú, tí àwọn ọmọ ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, Baba Dídán á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Á ra abẹ olóògbé, á fi aṣọ nù ún títí á fi máa kọ mànà, á sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ pupa nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, irú abẹ bẹ́ẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ ni ọṣẹ gbígbẹ, irun àti ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti lò ó máa ń há sí. Ẹni tó bá bẹ̀rù Ọlọ́run á ṣí ìyẹ́ náà, á fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, á sì rì í sínú sípírítì fún ìgbà tó tó kí kòkòrò inú rẹ̀ kú. Baba Dídán kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á ki bíléèdì tuntun sí i, á pa ìyẹ́ rẹ̀ dé, á wá tì í bọ sípírítì bí ẹni ń ki búrẹ́dì bọ tíì, á sì yọ ọ́ kíá.

“Baba wọn, ẹ ṣí ìyẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó rì í,” ni ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ. “Sípírítì yẹn ò dénú.”

“Ta ló ń fi inú abẹ fárùngbọ̀n?”

“Ẹnu yín mà dùn o. Kòkòrò ò mọ̀ pé ẹ ń ṣàwàdà.”

“Ìyá wọn, ó ń dán, ó tán!”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì wọlé, ó fi áńkáṣífù bo àgbọ̀n. Nígbà tó ṣí i, gbogbo àgbọ̀n rẹ̀ ti di eéwo, ọyún ń yọ lójú wọn. Ó ju abẹ tó rà níbẹ̀ sórí tábìlì.

“Wo ohun tí abẹ rẹ fi mí ṣe!”

“Abẹ mi kẹ̀?” Baba Dídán bú sẹ́rìn-ín. “Bóyá abẹ́rẹ́ tí o máa ń fi eyín dì mú ló gún ọ.”

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín. “Tó bá mọ́ lóòótọ́, gbé e báyìí, kí o fi fá tìrẹ.”

Ìyàwó Baba Dídán ti gbé omi gbígbóná dé. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣí i fọ̀ ná, nítorí Ọlọ́run.”

Baba Dídán wo abẹ, ó wo ojú àwọn èèyàn. Ó mọ̀ pé bí òun bá fọ̀ ọ́ níwájú wọn, òun ti gbà pé kò mọ́ nìyẹn. Ó ti ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa ọṣẹ sí àgbọ̀n, ó sì fá a. Abẹ gé e díẹ̀. Ó nu ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹ rí i?” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Télọ̀ bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí ojú ibẹ̀ fi ń yún un. Nígbà tó wú, pàódà ló fi bò ó.

“Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sípítù,” ni ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́.

“Kí wọ́n lè rí mi níbẹ̀? Ọjà mi parí nìyẹn.”

Ó tún lé pàódà sí i. Ibà mú un, ó sì dúró sídìí ọjà. Níkẹyìn, ó ṣubú lulẹ̀ gbalaja lójú àwọn oníbàárà, pàódà àti ọyún sì fi ara kan aṣọ pupa rẹ̀.

“Ká ní ẹ tètè wá ni, oògùn lásán ì bá tó,” ni dókítà wí. “Àrùn náà ti jẹ wọnú egungun.” Wọ́n gé lára egungun àgbọ̀n rẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà bọ́.

Nígbà tó ń gbàtọ́jú lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ mú abẹ náà, ó ṣí ìyẹ́ rẹ̀ lójú télọ̀ àti gbogbo àwọn tó ti pàtẹ́wọ́. Ìdọ̀tí dúdú já bọ́ sínú àwo, irun funfun sì wà nínú rẹ̀. Irun télọ̀ dúdú kirikiri, ti ọkọ rẹ̀ náà dúdú. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé irun olóògbé tó ni abẹ náà tẹ́lẹ̀ ni. Obìnrin náà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó kó gbogbo abẹ inú ṣọ́ọ̀bù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn, ó ń ha wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n mọ́ tinú tòde wàyí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún yà síbẹ̀. Nígbà tí Baba Dídán padà dé, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́. Gbogbo ọ̀sán ló ń jókòó ti àwọn abẹ tí kò rẹ́ni rà. Wọ́n ń dán bíi dígí. Èyíkéyìí tó bá gbé, àgbọ̀n ara rẹ̀ ló ń rí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kọ́ ọgbọ́n. Ẹni tó bá ń tún òde ṣe tó fi inú sílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ pa lára, lẹ́yìn náà ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fi àṣìṣe wa hàn wá, ká ṣí i síta, ká fọ̀ ọ́ lójú gbogbo ayé, kódà bí ojú bá tì wá. Ìtìjú ọjọ́ kan kò burú tó ọgbẹ́ tí a fi pàódà bò. Ẹ jẹ́ ká bẹ Olúwa kó fún wa lọ́kàn akin láti ṣí kọ̀rọ̀ ọkàn wa sílẹ̀ fún Un, nítorí kò sí dídán kankan tó lè dí I lójú.