Àmì Pupa Lára Àwòrán

Gordy Pelkonen, kọ́lékọ́lé, rí ìwé náà nínú àpótí irinṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n ká a sí mẹ́rin, ẹrẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò tíì tú u dé ìdajì tó fi dá ìkọ̀wé ara rẹ̀ mọ̀. Àwòrán ilé ìkàwé ìlú Duluth ni; ó ti fi pẹ́ńsùlù pupa yí irin òrùlé rẹ̀ ká róbótó, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ṣé irin yìí ò kéré jù?"

Òrùlé ọ̀hún, tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ́, ti wó lábẹ́ yìnyín ní oṣù kejì. Àdéhùn iṣẹ́ náà ò sì fi ọ̀rọ̀ bo: ẹnjiníà tó ya àwòrán ló ni àṣìṣe inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kọ́lékọ́lé bá rí àṣìṣe tó dákẹ́, ó di tirẹ̀.

Ó rántí. Ọjọ́ tó kọ ọ́ gan-an ló gbé ìbọn wọgbó lọ fún ọ̀sẹ̀ ọdẹ àgbọ̀nrín. Orí tábìlì Wendell, fóòmáànù rẹ̀ tí kì í ṣọdẹ, ló ju àwòrán náà sí. Nígbà tó máa fi dé, irin ti wà lókè. Kò béèrè nǹkan kan.

Ì bá bi Wendell léèrè báyìí, ṣùgbọ́n lọ́yà rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un: "Ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ o. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Bí ẹrù yìí bá sì já lé e lórí, ilé iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ti parí nìyẹn. Kò síbi tó máa yà sí. Ó ki ìwé náà bọ iná. Àmì lásán ló ya kọ́lékọ́lé sọ́tọ̀ kúrò lára kólékólé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tí wọ́n máa fi mọ ẹni tó ni ẹ̀bi òrùlé náà, Ìyáàfin Marlys Tveit, ẹnjiníà tó ya àwòrán náà, bá a nídìí kọfí.

"Gordy, ṣé ìwé kankan ṣì wà lọ́wọ́ yín nípa iṣẹ́ yẹn?"

"Ìwé kẹ̀? Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ wa, mà."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó bu ṣúgà sí kọfí rẹ̀. Gordy rò pé ó ti gba kádàrá ni.

Gordy búra níwájú onílàjà tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà pé òun ò rí àṣìṣe kankan nínú àwòrán náà rí. Onílàjà ní kí wọ́n pe fóòmáànù wọlé. Wendell wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá mi ti rí i tipẹ́, wọ́n fi pupa kọ ọ́, èmi ni mo sì gbé e lọ bá Ìyáàfin," ló wí, "ọ̀gá, ẹ mú ìwé yẹn tí mo fi sínú àpótí irinṣẹ́ yín jáde, kí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ibẹ̀ ni Ìyáàfin ti fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pé, 'Ó tó, ẹ gbé e sókè bẹ́ẹ̀.'"