Ibi Tí Avuĝo Ti Wá

Ẹsiperántò nìkan ni wọ́n ń sọ níbi tí Ìyá Àgbà Ayọ̀ká ti gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ wọ̀n, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà àti nínú ilé. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ibi tó rọ̀ ní àtàrí ọmọ náà.

"Avuĝo rẹ̀ dára."

Bó ṣe dárúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ ara ògiri gbé ohùn ẹni tí wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ jáde, bí òfin ṣe sọ fún gbogbo ọ̀rọ̀ àyálò. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n:

"Àwùjẹ̀ ọmọ mi ti jìn o. Ẹ bá mi fún un lómi."

Àwọn ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ń mi ọmọ wọn sí i. Ohùn yìí ni gbogbo ayé fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ìyá àgbà, orin àtijọ́ ni, àbí?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

Ohùn ìyá tó bí Ayọ̀ká ni. Ẹ̀gbọ́n Ayọ̀ká tí kò bá láyé ni ọmọ tó ń tọrọ omi fún. Lọ́dún ọ̀dá kan, kí wọ́n tó bí Ayọ̀ká, àwọn tó wá ṣa ọ̀rọ̀ jọ gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi wọn lọ.

"Orin ni," ló dáhùn.

Nígbà tí yàrá dá páropáro, ó bu omi sí kọ́ọ̀bù, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó fi èdè tí kò rẹ́ni bá sọ mọ́ sọ pé, "Màmá, omi rèé."

Ẹnìkan dárúkọ avuĝo ní yàrá kejì.

"Ẹ bá mi fún un lómi," ni ìyá rẹ̀ tún wí.