Adìyẹ tí Owó Ìlú Ń Bọ́

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, òjò winniwinni ń rọ̀, nígbà tí Alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ owó ìlú sọ̀kalẹ̀ níwájú ilé ìwádìí yunifásítì. Awakọ̀ rẹ̀ ṣí agboòrùn lé e lórí. Alága ti búra fún àwọn tó dìbò fún un pé òun á ti ilé náà pa kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìbò mìíràn sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni iṣẹ́ náà, obìnrin kan tí orí rẹ̀ ti ń funfun, mú wọn lọ síbi àgò ńlá kan. Adìyẹ pupa kan wà nínú rẹ̀. Adìyẹ yí sọ́tùn-ún, obìnrin náà ju hóró àgbàdo kan sí i. Ó yí sósì, kò rí nǹkan kan gbà. Ó tún yí sọ́tùn-ún, hóró mìíràn já bọ́. Kò pẹ́ tí adìyẹ fi ń pòòyì lójú kan bí ẹni tí wọ́n sà sí.

Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ìyá Aládìyẹ! Iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe láti ọdún yìí wá rèé?"

"Òun ni, Alága. Ohun tí a ń wá gan-an ni pé..."

"Ẹ má wulẹ̀ wá nǹkan kan mọ́. Kòtò kún ojú títì, ẹ̀yin ń fi owó ìlú kọ́ adìyẹ níjó. Adìyẹ tó yẹ kó ti bá ọbẹ̀ lọ!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ àlàyé díẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun àwọn òṣìṣẹ́ mi nìyí."

"Kí ọ̀fun wọn gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀sán yìí ni mo máa kéde rẹ̀ níwájú aráàlú, nínú gbọ̀ngàn yín gan-an."

Obìnrin náà wo adìyẹ rẹ̀. "Aago mélòó, Alága?"

"Aago méjì."

"Ó dáa. A ó bá yín to àga."

Nínú ọkọ̀, awakọ̀ ò lè pa á mọ́ra. "Ọ̀gá, adìyẹ yẹn mọ ohun tó ń ṣe o. Ó kúkú ń jẹun."

"Adìyẹ gọ̀," Alága dáhùn. "Ẹni tó ń bọ́ ọ ló tún wá gọ̀ jù ú lọ."

Ohun kan wà tí Alága ò lè gbà mọ́ra: kó sọ̀rọ̀, kí èrò dákẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan nígbà ìpolongo. Ìyàwó rẹ̀ ló rọ̀ ọ́ kó tó lè fi oúnjẹ kan ẹnu.

Nígbà tó dé gbọ̀ngàn, òjò ti dá. Ó yà á lẹ́nu pé àga iwájú ti kún. Àwọn èèyàn náà wọ aṣọ ilé lásán, wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni ò bá ẹnì kejì jà sí àyè. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i, aṣọ ìnujú funfun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alága rò pé ẹkún ló fẹ́ sun. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ké, "mo wá ti ilé ìwádìí yìí pa!"

Kẹ́kẹ́ pa. Ẹnìkan wúkọ́. Ẹlòmíràn ń wo àjà.

"Owó yín ni wọ́n ń fún adìyẹ jẹ!"

Kò sẹ́ni tó mira. Òógùn yọ níwájú orí Alága. Ó mu omi.

"Kì í ṣe pé mo kórìíra ìmọ̀ o," ó ní.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Ọ̀jọ̀gbọ́n nu ojú. Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú, ó rọra, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan páànù. Ara Alága fúyẹ́.

"Èmi tí ẹ ń wò yìí, ìmọ̀ ló sọ mí dèèyàn!"

Àtẹ́wọ́ pọ̀ sí i.

"Ṣùgbọ́n adìyẹ..."

Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ lójijì.

"...adìyẹ náà, tí a bá wò ó dáadáa, ẹ̀dá Ọlọ́run ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan súfèé.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ń yọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí òrí inú oòrùn. Ó ní wọn ò ní ti ilé ìwádìí náà mọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kankan, wọ́n fẹsẹ̀ kilẹ̀. Ó ní owó tí ìjọba ń fún wọn á di ìlọ́po méjì, àwọn kan dìde dúró. Nígbà tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, tí àtẹ́wọ́ ń rọlẹ̀, ó sáré padà sórí pèpéle, ó ní òun á kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún àwọn adìyẹ. Gbọ̀ngàn mì tìtì.

"Ṣé o rí mi?" ó bi awakọ̀ nídìí ọkọ̀. "Ibi tí mo bá ní kí wọ́n yà, ibẹ̀ ni wọ́n ń yà."

"Mo rí yín, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ṣebí ńṣe la wá ti ibẹ̀ pa?"

"Ìwọ ò mọ òṣèlú. Ohùn aráàlú ni mo tẹ̀ lé." Ó fọwọ́ pa ojú. "Awò ojú mi dà? Dúró, mo gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì."

Ó ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ó sì bá gbogbo àwọn ará iwájú lórí ìdúró, olúkúlùkù ń fa aṣọ funfun ilé ìwádìí yọ lábẹ́ àga, ó ń wọ̀ ọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń wí fún wọn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mínísítà ló kàn lọ́jọ́ Ẹtì, tí mo bá ti nu ojú, kí àtẹ́wọ́ yín tètè yá ju tòní lọ". Alága la ẹnu láti bú wọn, ọkùnrin kan rí i, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, Alága sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹríba.