Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gbóná

"Oníjìbìtì ni Àlíù! Ẹ wá wò ó!"

Alhájì Múrítàlá ló ń pariwo níwájú ṣọ́ọ̀bù tí Àlíù ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Èjìgbò. Èrò ti pé lé wọn lórí.

Lánàá ni Àlíù tún kọ̀ǹpútà tí Alhájì rà bọ̀ láti Àbíjàn ṣe. Láàárọ̀ yìí, ó gbóná, ó sì kú.

"Kó tó di Jímọ̀, gbogbo Èjìgbò títí dé Masifa á ti gbọ́ irú ẹni tó o jẹ́!"

Àlíù wo èrò náà. Ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ wá fún un?

Ó gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ Alhájì, ó tú u lójú gbogbo èrò. Ó gbé irin tó wà lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà kúrò.

Náílọ̀nù ló bo rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ irin náà, èyí tó ń fa ooru jáde. Ooru kò ríbi gbà.

"Alhájì, ìṣojú yín ni mo ti ya náílọ̀nù yìí kúrò lánàá. Ta ló dá a padà?"

"Èmi ni! Mo mú un lórí tábìlì rẹ. Nígbà tí mo délé, mo tú kọ̀ǹpútà náà, mo fi náílọ̀nù bo rọ́bà náà padà. Ṣé kí ọjà tuntun máa gbó níhòòhò ni?"



Àlíù nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Alhájì, ẹ tún un sọ. Ẹ pariwo bíi ti ìṣáájú."